Àpérò Oníṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Ìtẹ̀síwájú Ẹ̀kọ́ fún Òṣìṣẹ́ Tuntun ní Ilé Ìkàwé

1. Ìfáárà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ilé ìkàwé, tí ó sì ríṣẹ́ sí ilé ìkàwé yunifásítì, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí ti ìjọba ìpínlẹ̀, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹ̀kọ́ ti parí, iṣẹ́ ló kù. Èrò yìí kò bá ìlànà ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn Yorùbá mu. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ gba òmìnira kọ́ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ dópin. Ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ ẹgbẹ́, tí ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó síbi tí àwọn àgbà iṣẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù lọ ni ti àwọn babaláwo. Ẹni tí ó ti kọ́ Ifá, tí àwọn ènìyàn sì ti ń wá ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣì ní láti máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé jọ. Bí ó bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láwùjọ wọn, tí ẹsẹ̀ Ifá tí ó ń kì sì tọ̀nà, wọn a máa gbè é. Bí ó bá ṣì í kì, wọn a dá a dúró, wọn a sì tọ́ ọ sọ́nà.

Ohun tí ìpàdé awo jẹ́ fún babaláwo ni àpérò oníṣẹ́ yẹ kí ó jẹ́ fún òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Kókó tí àlàyé yìí dá lé ni pé àpérò kì í ṣe ìsinmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kó ìwé ẹ̀rí jọ. Apá kan nínú iṣẹ́ náà gan-an ni. Òṣìṣẹ́ tuntun tí ó gbé ìbéèrè láti orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí àpérò, tí ó sì gbé ìdáhùn padà wá sórí tábìlì náà, ni àpérò ṣe láǹfààní. Inú ìtọ́jú ìwé Yorùbá ni ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ tí yóò tẹ̀ lé e ti wá, nítorí pé ibẹ̀ ni àbùkù iṣẹ́ ilé ìkàwé ti ń dí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè lọ́wọ́ jù lọ.

2. Bí Àpérò Ṣe Bí Ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà

Nínú ìtàn iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, àpérò ṣáájú ẹgbẹ́. Ní 1944, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan sí Achimota, ní ilẹ̀ tí ó di Gánà, láti fi iṣẹ́ ilé ìkàwé kọ́ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi kógbá wọlé. Ní 1953, àjọ UNESCO pe àpérò kan sí Ìbàdàn lórí ìdàgbàsókè ilé ìkàwé fún gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní 1954, ni wọ́n dá West African Library Association sílẹ̀. Ní 1959 ni Institute of Librarianship fìdí múlẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Nígbà tí ó di 1962, àwọn ọmọ Nàìjíríà inú ẹgbẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà dá dúró lábẹ́ orúkọ Nigerian Library Association, jọ́nà wọn tí í ṣe Nigerian Libraries sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1964. Ní 1968, Yunifásítì Àmọ́dù Béllò ní Zaria náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Òfin kejìlá ọdún 1995 ni ó gbé Librarians' Registration Council of Nigeria kalẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ sílẹ̀, tí ó sì ń ṣe ìtọ́jú ìlànà iṣẹ́ náà.

Ohun tí ó yẹ kí òṣìṣẹ́ tuntun fà yọ nínú ìtàn yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tí wọ́n péjọ sí Ìbàdàn ní 1953 kò pọ̀ níye. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò ní àgbà iṣẹ́ nítòsí tí wọ́n lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Ìpàdé ni ilé ẹ̀kọ́ wọn. Lónìí pàápàá, òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà sí ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan lè jẹ́ òun nìkan ni ó mọ kátálọ́ọ̀gù ṣe níbẹ̀. Bí kò bá lọ síbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ohun tí ó ń ṣe kò tọ̀nà. Àwọn Yorùbá sì ti sọ ọ́ pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko ẹni tí ó tó ti baba òun.

3. Oríṣi Àpérò

Àpérò kò rí bákan náà. Èyí tí ó sún mọ́ òṣìṣẹ́ tuntun jù lọ ni ìpàdé Nigerian Library Association ní ìpínlẹ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Owó ọkọ̀ ibẹ̀ kì í pọ̀, àwọn tí ó bá sì bá pàdé níbẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó lè bẹ̀ wò ní ilé ìkàwé wọn lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí ni àpérò àwọn ìsọ̀rí tí wọ́n fi irú iṣẹ́ pín, bí ìsọ̀rí àwọn tí ń ṣe kátálọ́ọ̀gù, ìpínsísọ̀rí ìwé àti atọ́ka. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń jinlẹ̀ jù, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo ẹni tí ó jókòó ń ṣe. Ìkẹta ni àpérò àpapọ̀ ọdọọdún, èyí tí ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ máa ń bá rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ náà ń lọ àti àwọn tí ń tukọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ ọ́n. Ìkẹrin ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ ń ṣètò fún àwọn tí wọ́n ti ní ìwé àṣẹ iṣẹ́.

Àwọn àpérò mìíràn kọjá ààlà Nàìjíríà. Àjọ IFLA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Edinburgh ní 1927, ti ṣe àpérò àgbáyé rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní Nairobi ní 1984, ní Durban ní 2007 àti ní Cape Town ní 2015. Ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé ilẹ̀ Áfíríkà, tí í ṣe AfLIA, bẹ̀rẹ̀ ní 2013, Accra sì ni ibùjókòó rẹ̀. Láti 2020 tí àrùn kòrónà ti sé ènìyàn mọ́lé, ọ̀pọ̀ ìpàdé ti ń wáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí dín owó ìrìn-àjò kù, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nígbà tí ìjókòó bá tú.

4. Ohun tí Àpérò Ń Kọ́ni

Ìlànà ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ni. Ibi tí ìlànà ti forí sọlẹ̀ ni àpérò ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Àpẹẹrẹ mẹ́ta láti inú ìwé Yorùbá yóò fi èyí hàn.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn àti kọ̀ǹpútà. Òṣìṣẹ́ tuntun tí ó bá tẹ àkọlé ìwé láìfi àmì sí i ti da oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, òkò àti ọ̀kọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá ìwé lórí iṣẹ́ oko yóò bá ìwé lórí ìgbéyàwó pàdé. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ náà bá fi àmì sí i, ìṣòro mìíràn tún ń dúró dè é. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà òde òní ń lò, lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni é àti ò. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀, tí wọ́n ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Títò ni wọ́n ń tò wọ́n pọ̀. Ẹnì kan lè mú ẹ kí ó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè mú é kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà tí wọn kò bá ṣètò láti sọ wọ́n di ọ̀kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìwé lè wà lórí pẹpẹ, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹni tí ń wá a má sì rí i. Òṣìṣẹ́ tí ó dá wà lè fi ọdún púpọ̀ rò pé ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìpàdé àwọn oníkátálọ́ọ̀gù, ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yóò fi ojútùú rẹ̀ hàn án.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àkọtọ́. Lẹ́yìn àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ayé, ènìyàn, ẹyẹ àti yóò ni wọ́n ń kọ dípò aiye, enia, ẹiyẹ àti yio. Ìwé ìtàn àròsọ Isaac Délànọ̀ tí ó jáde ní 1955 ń jẹ́ Aiyé d'Aiyé Òyìnbó. Ìlànà kátálọ́ọ̀gù ní kí òṣìṣẹ́ kọ àkọlé bí ó ṣe wà lójú ìwé, ìlànà náà sì tọ̀nà, nítorí pé ẹ̀rí ìtàn ni àkọlé jẹ́. Síbẹ̀, ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ ní àkọtọ́ òde òní yóò tẹ Ayé dayé òyìnbó, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ fún un pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí òṣìṣẹ́ fi àkọlé kejì, tí ó bá àkọtọ́ òde òní mu, kún àkọsílẹ̀ ìwé náà láìpa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ààyè wà fún un nínú ìlànà, ṣùgbọ́n ìlànà kò lè sọ fún òṣìṣẹ́ irú àkọtọ́ tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń lò. Àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú irú ìwé kan náà ni yóò fẹnu kò lórí rẹ̀, kí ilé ìkàwé Ìbàdàn, ti Ifẹ̀, ti Èkó àti ti Ìlọrin má baà máa ṣe é lọ́nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí. Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ti Wándé Abímbọ́lá, tí apá kìn-ín-ní rẹ̀ jáde ní 1968, ṣé ìwé ẹ̀sìn ni tàbí ìwé lítíréṣọ̀ alohùn? Ibi tí òṣìṣẹ́ bá gbé e sí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i tàbí kí ó má rí i. Nínú ètò Dewey, 496.333 ni nọ́ńbà èdè Yorùbá. Nínú ètò Library of Congress, abẹ́ PL8821 sí PL8824 ni ìwé èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ń bọ́ sí. Àwọn tí wọ́n ṣe ètò méjèèjì kò ro ti ẹsẹ̀ Ifá mọ́ iṣẹ́ wọn. Ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí kò sí nínú ìwé ìlànà; àríyànjiyàn láàárín àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ àti àwọn tí wọ́n mọ èdè ni ó lè bí i.

5. Ṣáájú Àpérò, Lójú Àpérò àti Lẹ́yìn Àpérò

Ìmúrasílẹ̀ ni ìdajì èrè. Kò yẹ kí òṣìṣẹ́ tuntun fi ẹwà ìlú tí àpérò yóò ti wáyé yan èyí tí yóò lọ. Kí ó wo ìṣòro tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀, kí ó kọ ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, kí ó sì yan àpérò tí ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó mọ ìdáhùn wà. "Báwo ni ẹ ṣe ń kọ orúkọ òǹkọ̀wé tí àmì ohùn rẹ̀ yàtọ̀ lórí ìwé rẹ̀ méjì?" jẹ́ ìbéèrè tí ó lè mú èrè wá. "Báwo ni iṣẹ́ ilé ìkàwé ṣe ń lọ sí?" kò lè mú nǹkan kan wá.

Lójú àpérò, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn tí wọ́n jọ wá láti ibi iṣẹ́ kan náà a jọ jókòó, wọn a jọ jẹun, wọn a sì jọ padà sílé láìbá àlejò kankan sọ̀rọ̀. Ìtìjú sì tún wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọmọ Yorùbá pé kí ó má dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ̀ fún àgbà kò ní kí ènìyàn yadi. Kí òṣìṣẹ́ tuntun kí àgbà bí ó ṣe tọ́, kí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun. Ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání ni ọwọ́ tí ó mọ́ níbi àpérò. Iṣẹ́ kékeré náà kò yẹ ní yíyẹra fún. Ẹni tí ó bá wà nídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀, tàbí tí ó ń ṣe akọ̀wé ìjókòó kan, yóò mọ orúkọ àti ojú àwọn ènìyàn ju ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn lọ.

Bí ọdún bá ń gorí ọdún, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ náà ka bébà tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, ara àwọn òṣìṣẹ́ onímọ̀ ni wọ́n ka àwọn oníṣẹ́ ilé ìkàwé tí wọ́n gba oyè kún. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ipò Assistant Librarian kò lè gòkè láìní iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde. Bébà tí ènìyàn kà ní àpérò kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Ìbéèrè tí àwọn olùgbọ́ bi í ni àtúnṣe àkọ́kọ́. Ẹni tí ó kọ àwọn ìbéèrè náà sílẹ̀, tí ó sì fi wọ́n tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kí oṣù náà tó parí, yóò ní nǹkan láti fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Ẹni tí ó ti bébà rẹ̀ bọ inú àpò àpérò ti sin ín.

Lẹ́yìn àpérò ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ẹni tí ó relé sì gbọ́dọ̀ gbé nǹkan dé. Ìròyìn ojú ìwé kan tó: ohun tí ó gbọ́, ohun tí ó lè yí padà níbi iṣẹ́, àti ohun tí ìyípadà náà yóò gbà. Kí ó má ní kí wọ́n yí gbogbo nǹkan padà lọ́jọ́ kan. Kí ó mú ìwé mẹ́wàá, kí ó dán ìlànà tuntun wò lórí wọn, kí ó sì fi hàn ọ̀gá rẹ̀ bí wíwá àwọn ìwé náà ṣe rọrùn sí i. Kí ó sì kọ̀wé sí àwọn tí ó bá pàdé, nítorí pé ojúlùmọ̀ tí kò bá rí ìtọ́jú kì í pẹ́ gbàgbé ẹni.

6. Àwọn Ìdíwọ́

Àwọn kan ń sọ pé owó àti àkókò ni àpérò ń jẹ dànù. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn àpérò kan wà tí ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn àlejò pàtàkì gba gbogbo òwúrọ̀, tí wọ́n sì ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún lé àwọn tí ó kọ bébà kúrò lórí pèpéle. Àwọn òṣìṣẹ́ kan náà sì wà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ń gba àpò àti ìwé ẹ̀rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí wọn mọ́. Ṣùgbọ́n àbùkù yìí kò ní kí àpérò má sí. Ó ní kí àwọn tí ń ṣètò rẹ̀ fi àkókò fún iṣẹ́, kí àwọn tí ń lọ síbẹ̀ sì mọ ohun tí wọ́n wá lọ.

Owó ni ìdíwọ́ tí ó le jù. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó ilé ìtura lè ju ohun tí òṣìṣẹ́ tuntun lè yọ nínú owó oṣù rẹ̀ lọ. Bí ibi iṣẹ́ bá tilẹ̀ ní owó fún un, àwọn ọ̀gá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kàn, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọmọdé ni kátálọ́ọ̀gù wà. Àwọn tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí dípúlómà, tí wọ́n ń jókòó níwájú òǹkàwé láti àárọ̀ dé alẹ́, a tilẹ̀ máa gbà pé àpérò kì í ṣe tiwọn. Ìyá ọlọ́mọ kékeré kò lè fi ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀nà àbáyọ kan ni pé kí ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan ṣe ètò ìtòtẹ̀léra, kí ẹnì kan lọ lọ́dún yìí, kí ẹlòmíràn lọ lọ́dún tí ń bọ̀, kí ẹni tí ó lọ sì wá kọ́ àwọn tó kù. Ìpàdé ìpínlẹ̀ àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí òṣìṣẹ́ tí kò lówó fi bẹ̀rẹ̀.

7. Ojúṣe Àwọn Olùkọ́ Èdè

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ju bí wọ́n ṣe lérò lọ. Ìpàdé àwọn onímọ̀ ni ó bí Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìkejì ní 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni iṣẹ́ náà dojú kọ. Bí àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn oníṣẹ́ ilé ìkàwé bá jọ jókòó lọ́nà kan náà, wọ́n lè ṣe orúkọ kókó ọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá fún kátálọ́ọ̀gù, kí ẹni tí ń wá ìwé lórí ìjálá tàbí ẹkún ìyàwó má ní láti kọ́kọ́ ronú ohun tí òyìnbó ń pè é.

Ìdí kejì tún wà. Púpọ̀ nínú àwọn bébà tí àwọn onímọ̀ Yorùbá ń kà ní àpérò tiwọn kì í di ìwé. Wọn a wà nínú fáìlì ẹni tí ó kọ wọ́n títí yóò fi fẹ̀yìn tì tàbí kú, wọn a sì bá fáìlì náà lọ. Bí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan bá wà níjòókòó, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti gba ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ọjọ́ àti ibi àpérò sí i, kí ó sì fi í sí ìtọ́jú, ìmọ̀ náà kò ní ṣègbé. Fún òṣìṣẹ́ tuntun tí ìwé Yorùbá wà níkàáwọ́ rẹ̀, àpérò àwọn onímọ̀ èdè ṣe pàtàkì tó ti àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ni ó yẹ kí wọ́n pè é, kí wọ́n fún un láyè láti sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì kà á sí ẹni tí ó wá gbé ìwé ká.

8. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ ilé ìkàwé ní Nàìjíríà ti inú àpérò jáde, inú àpérò náà ni ó sì ti ń rí okun kún okun. Fún òṣìṣẹ́ tuntun, ìpàdé oníṣẹ́ ni ibi tí wọ́n ti ń gbè é bí ó bá ń kì í bó ti tọ́, tí wọ́n sì ti ń dá a dúró bí ó bá ṣìṣe. Ìbéèrè tí ó gbé lọ, ojúlùmọ̀ tí ó ní níbẹ̀ àti àtúnṣe tí ó bá bọ̀ ni òṣùwọ̀n èrè rẹ̀, kì í ṣe iye ìwé ẹ̀rí. Àwọn ọ̀gá ni ó ní láti fi ọmọdé ránṣẹ́, àwọn olùṣètò ni ó ní láti fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́, àwọn olùkọ́ èdè ni ó sì ní láti ṣí ilẹ̀kùn àpérò tiwọn sílẹ̀. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹ àkọlé ìwé Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà lọ́la yóò rí i, ìwé tí àwọn àgbà ti làágùn kọ kò sì ní wà lórí pẹpẹ láìsí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.